Ọwọ́ Ìyá Àgbà Lára Ọ̀rá Búrẹ́dì

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa,
Bájuláyé, Ṣómólú.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Màmá rẹ sọ fún mi pé o ti dé ọ̀hún, pé o ti rí yàrá, pé ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ wà níbẹ̀ àti pé àwọn méjì yòókù ń pè ẹ́ ní Àǹtí. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó yẹ kó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló tún lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà láti ọdún kìíní, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn ti wà nílẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Mi ò kọ lẹ́tà sí ẹ rí. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀: ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ. Tèmi kì í jáde. Lórí fóònù, bí mo bá ti ní "Àjọkẹ́," wàá ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo wà dáadáa. Ẹ ṣé," fóònù á sì ti kú. Mi ò bá ẹ wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà lónìí, tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù látinú. Màmá rẹ ló máa mú un dání tó bá ń bọ̀ wá wò ẹ́. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má ṣí i. Jókòó kí o tó kà á. Ó gùn, mi ò sì ní kọ irú rẹ̀ mọ́.

Bí àwọn bàbá bá ń kọ irú ìwé yìí sí ọmọ tó lọ sọ́nà jíjìn, wọ́n máa ń ní, "Fọkàn balẹ̀, ọ̀la á dáa." Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀la á dáa. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, màá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, mi ò ní rí nǹkan kan sọ, màá tún dìde. Díákónì ni wọ́n ń pè mí o, ẹni tó ń gbàdúrà fún àwọn ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn tí mo ní kì í ṣe ti ẹni tó mọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Inú kòtò náà ni mo wà tí mo ti ń kọ èyí, mi ò tíì jáde.

Ó dáa. Èkíní.

Ohun tó wà níwájú rẹ ni kí o máa yà. O mọ ìtàn tí mo máa ń sọ, pé wọn ìbá ti gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà nígbà èwe mi bí kò bá ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi. O sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ nígbà tí o wà ní pámárì, tíṣà yín sì ránṣẹ́ kí mi pé kí n má bínú sí Nàìjíríà. Irọ́ ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, gbogbo Bájuláyé ló ń pè mí ní Ayàwòrán. Mo lè ya ọba pẹ̀lú adé. Mo lè ya ẹyẹlé méjì tó ń fẹnu kan ara wọn fún ìwé ìgbéyàwó. Ọ̀gá Lámídì, tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ló ní kí n lọ gbìyànjú ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ra fọ́ọ̀mù fún mi. Mo di ogójì àwòrán sínú páálí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo lọ. Obìnrin olùkọ́ kan tú páálí mi, ó wò ó títí dé ìsàlẹ̀. Ó wá fa àga onígi kan sáàárín yàrá. Ó ní, "Ya àga yìí fún mi."

Àjọkẹ́, mi ò lè yà á. Àga lásán! Ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ẹ̀yìn. Mo mú pẹ́ńsù, mo wò ó, ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa gbà wọlé, nítorí pé láyé mi, mi ò tíì ya nǹkan tó wà níwájú mi rí. Ara kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn ni mo ti wo gbogbo ẹyẹlé mi. Ọba tí mo ń yà, mi ò fojú kan ọba rí. Àga tí mo yà lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá jókòó lé e á ṣubú. Obìnrin yẹn ò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Lọ sílé, lọ máa ya àga fún ọdún kan, kí o padà wá." Ọdún kan péré ló ní o. Ojú tì mí, mi ò padà lọ. Mo délé, mo sọ fún Ọ̀gá Lámídì pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bèèrè, gbogbo àdúgbò sì bá mi ṣépè fún wọn. Irọ́ náà dùn débi pé èmi fúnra mi gbà á gbọ́, mo sì fi tọ́ ẹ dàgbà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àga síwájú rẹ níbi tí o wà yẹn, ìwọ tí o ti ṣe iṣẹ́ ọdún kẹrin, tí àwọn ọmọ tó ń pè ẹ́ ní Àǹtí sì ń wò ẹ́, má sọ pé o ti kọjá ibẹ̀. Yà á. Bí wọ́n bá ní kò dáa, kí o délé kí o sọ pé wọ́n ní kò dáa. Má wá ẹlòmíràn tí wàá dì í rù. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí, síbẹ̀ inú mi kì í dùn tí mo bá rí àga onígi.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ní ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, mo ya odídẹrẹ́ kan tó fi ẹnu gbé pẹ́ńsù. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ronú fúnra mi nìyẹn. Ọ̀gá Lámídì rí i lórí tábìlì, ó gbé e, ó fi ṣe ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ọmọ tó ń gba Pẹ́dírò kọjá tí odídẹrẹ́ mi ò sí lábẹ́ apá rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò fi orúkọ mi sí i." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀bù ni." Mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gé bébà, mo sunkún níbẹ̀.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo fi ẹkún yẹn ṣe? Mo dàgbà, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo ń sọ gbólóhùn kan náà fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a kàn yí i padà díẹ̀ ni: ohun tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà, ti ṣọ́ọ̀bù ni. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é ní Ṣómólú nìyẹn, ìwọ náà mọ̀. Èèyàn á wá tẹ ìwé ìsìnkú bàbá rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀, a ó ṣí ìwé náà, a ó yí orúkọ padà, a ó yí fọ́tò padà, ó ti di ti ìyá ẹlòmíràn. Lọ́dún kan, a gbàgbé yí orúkọ inú orin ìkẹyìn padà, wọ́n sì kọrin sin màmá kan ní Fọlá Agoro gẹ́gẹ́ bí "bàbá wa ọ̀wọ́n". A rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò pè é ní olè jíjà. Ká ní ẹnì kan pè é bẹ́ẹ̀, ìjà ni à bá bá a jà.

Kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ sẹ́yìn ohun gbogbo tí o bá yà, títí kan èyí tí o bá fẹ́ sọ nù. Bí ohun kan bá sì dùn ẹ́ nígbà èwe, má jẹ́ kó di òfin tí wàá fi máa darí ọmọ ẹlòmíràn. Mo mọ bó ṣe dùn mí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é.

Ìkẹta, ìwọ mọ ìdajì rẹ̀.

Oṣù mélòó kan kí ìdánwò àṣekágbá rẹ tó dé, o gbé àwòrán mẹ́fà wá sí ṣọ́ọ̀bù lórí bébà ńláńlá, kí a dà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà fún ìwé tí wàá fi kún iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ìyá màmá rẹ ni gbogbo wọn. Ìyá Àgbà níbi tó ti ń yí ẹja padà lórí iná létí ọ̀sà ní Bàrígà, ọwọ́ nìkan, kò sí ojú. O ti fi odidi ọdún kan jókòó sínú èéfín lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Sátidé. Mo rí ọmọńdinrín rẹ̀ tó tẹ̀ látìgbà tí okùn ọkọ̀ ti fún un, mo rí ojú àpá iná lẹ́yìn ọwọ́, mo rí ìpẹ́ ẹja lábẹ́ èékánná. Mo dúró tì wọ́n. Ohun tí obìnrin ọjọ́sí ní kí n lọ fi ọdún kan kọ́ ló wà níwájú mi yìí, ọmọ mi ló sì ṣe é. O bi mí, "Bàbá, ṣé kò burú?" Mo ní, "Kò burú." Ìyẹn nìkan ni mo rí sọ.

Bí o bá bí ọmọ, tó bá ṣe ohun tó dáa, là á mọ́ ọn létí. Má ṣe bíi tèmi. Nítorí ohun tí mi ò lè fẹnu ara mi sọ fún ẹ, mo fẹ́ kí gbogbo Ṣómólú bá mi sọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Múfú tó ń tẹ ọ̀rá búrẹ́dì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa wá bá mi. Ó ní, "Díákónì, àwọn oníbúrẹ́dì kan fẹ́ nǹkan tuntun, gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi ló ti gbó. Ẹ ò ní dìsáìnì kankan nílẹ̀?" Mo ṣí àwòrán rẹ hàn án. Ó pariwo, "Yéè! Ta ló ya èyí?" Mo ní ọmọ mi ni, àyà mi sì wú. Mo pa ẹja rẹ́, mo fi búrẹ́dì sí ọwọ́ Ìyá Àgbà, mo dà á sínú fláàṣì fún un. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sì bi ẹ́. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n bi ẹ́. Ó ti wọ kọ̀ǹpútà, àbí kí ni?

Búrẹ́dì náà jáde. Láti Pẹ́dírò dé Fọlá Agoro, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló wà lórí tábìlì gbogbo ẹni tó ń mu tíì láàárọ̀. Ìwọ ò rí i, o ti kó wọnú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ láti parí iṣẹ́ rẹ. Olùkọ́ kan tí wọ́n pè láti ìta láti wá yẹ iṣẹ́ yín wò ló rí i. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lójú ọ̀nà ló ti ra búrẹ́dì ọ̀hún, pé ó gbé ọ̀rá rẹ̀ wọnú yàrá ìdánwò, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ, ó ní, "Níbo lo ti wo èyí?" Wọ́n ní o wo ọ̀rá náà pẹ́. O mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí àwòrán yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láyé yìí. Ká ní o la ẹnu pé bàbá mi ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. O dákẹ́. Olùkọ́ tó tọ́ ẹ sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ sí òkè òkun, ẹni tó gbapò rẹ̀ ò sì mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti wá. Ìwọ náà kì í fi fóònù ya iṣẹ́ tí kò tíì parí. O máa ń ní ojú ń ba iṣẹ́ tútù jẹ́. Wọ́n kọ ẹ́ sílẹ̀ pé o jí iṣẹ́ oníṣẹ́.

O wá sílé lọ́jọ́ yẹn, o gbé ọ̀rá náà síwájú mi. "Bàbá, ẹ wo ọwọ́ Ìyá Àgbà."

Ǹjẹ́ o rántí ohun tí mo fi dá ẹ lóhùn? Èmi ò lè gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ìwọ náà ti rí i? Ó mà gbayì o! Òun ni gbogbo àdúgbò ń rà." Àjọkẹ́, mo rò pé o wá dúpẹ́ ni, àfi ìgbà tí o sọ fún mi pé wọ́n ti pè ẹ́ ní olè nítorí rẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bàbá rẹ ni.

Èyí tó kù ni ìwọ ò mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni mo ti ń yí po kí n má baà dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. O ní ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan láti mú ẹ̀rí wá. O ti ro gbogbo rẹ̀, o tún ti rò ó mọ́ tèmi: o ní o ò ní dárúkọ mi, pé ọjọ́ tí àwọn àwòrán náà wọ kọ̀ǹpútà wà lára fáìlì wọn, pé ọjọ́ yẹn nìkan ti tó, nítorí ó fi oṣù mélòó kan ṣáájú búrẹ́dì. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i." Mo ní kọ̀ǹpútà ti kú. Mo ní iná ló dé lójijì tó jó o, pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. O wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, o ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, Bàbá. Nǹkan máa ń bàjẹ́." O sì lọ sí Bàrígà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí màmá rẹ. O ò sùn nílé wa mọ́ títí tí o fi rìnrìn àjò.

Kọ̀ǹpútà ò kú. Ẹ̀yìn mi ló wà níbẹ̀, mo da aṣọ bò ó, ó wà láàyè. Èmi ni mo pa fáìlì rẹ rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí o gbé ọ̀rá yẹn wá, kí n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà kankan, mo jókòó, mo wá a, mo pa á rẹ́. Mo wá gbogbo ibi mìíràn tó lè wà, mo pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé ilé-ẹ̀kọ́ á rán ọlọ́pàá wá. Mo rò ó pé ìjọ á gbọ́ pé díákónì jí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo rò ó pé bí kò bá ti sí nǹkan kan nílẹ̀, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò ro tìẹ. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Ní gbogbo àkókò tí mo fi jókòó síbẹ̀, tí mò ń pa iṣẹ́ ọdún kan rẹ́, mi ò ro tìẹ rárá.

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti ka ẹsẹ yẹn fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa láìmọye ìgbà, bíi pé inú Bíbélì ló wà.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún ẹ pé. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tó pé ni ẹ̀rí ọkàn mi tó lé mi dìde. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yín, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sọ ti Múfú, mo sọ ti fáìlì tí mo pa rẹ́. Wọ́n gbọ́ mi. Wọn ò tilẹ̀ bínú. Èyí tó jẹ́ alága wọn ní, "Bàbá, ó yé wa. Òbí tó bá fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ á ṣe jù báyìí lọ. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí kankan?" Mo ní èmi gan-an ni ẹ̀rí. Ó ní, "Ẹ má wọ̀rí, sà. Ẹ lọ sinmi. A ti fọwọ́ sí i pé kó kúrò nílé-ẹ̀kọ́." Wọ́n rò pé irọ́ ni mo ń pa láti gbà ẹ́ là. Nígbà tí irọ́ lè ṣe ẹ́ ní jàǹbá, mo pa á, o gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tí mo sọ òtítọ́, kò rí ẹni gbà á.

Mo lọ bá Múfú kó wá jẹ́rìí. Ó ní, "Díákónì, ẹ má fà mí wọ wàhálà yìí o. Èmi ò mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà..." Kò parí ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún wọn ṣe ní Fọlá Agoro, bóyá ó lè rí ohun tí mo pa rẹ́. Ọjọ́ méjì ló fi wá a. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó pa nǹkan yìí rẹ́, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ o."

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Jẹ́ ká máa pe èyí ní ìkarùn-ún.

Má fi dídákẹ́ bo àgbàlagbà mọ́lẹ̀ mọ́. Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Àwa la kọ́ ẹ, èmi àti màmá rẹ, pé ọmọ tó bá tú àṣírí bàbá rẹ̀ ò ní rí àlàáfíà. A kọ́ ẹ dáadáa. O dúró níwájú àwọn èèyàn yẹn, o jẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ ní olè kí wọ́n má baà pe bàbá rẹ bẹ́ẹ̀, bàbá náà sì lọ sílé lọ pa ẹ̀rí rẹ rẹ́. Irú ọ̀wọ̀ yẹn pọ̀ jù fún mi. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bóyá lọ́wọ́ olùkọ́, bóyá lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ní kí o máa pe òun ní Dádì, la ẹnu rẹ.

Máa fi fóònù ya iṣẹ́ tútù. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn ẹ̀. Yà á bẹ́ẹ̀.

Máa jẹun kí o tó lọ sí kíláàsì. Ẹja tí màmá rẹ bá kó wá, má pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń pè ẹ́ ní Àǹtí.

Màmá rẹ tún sọ nǹkan kan tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Ó ní o ò ya ohunkóhun mọ́ àfi èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ yà. Ó ní o sọ pé ìwé ẹ̀rí lásán lò ń wá, pé o fẹ́ gbà á kí o máa ríṣẹ́ tíṣà ṣe. Ìwọ tó jẹ́ pé láti ọmọ ọdún márùn-ún, orí ìdì bébà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lo máa ń jókòó sí, tí wàá máa ya ẹ̀rọ ìgébébà, tí wàá sì bá mi jà pé kí n má fọwọ́ kàn án títí wàá fi ka gbogbo bóòtù ara rẹ̀ tán. Mo ń bẹ̀rù pé mo ti pa á. Mi ò sọ̀rọ̀ fáìlì o, nǹkan tó ń ya àwòrán nínú rẹ ni mò ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, mi ò ní lè sọ fún ẹ pé á jí. Wọ́n kàn ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ojú rẹ bá ṣì ń ríran, má tì í pa. Ìyẹn nìkan ni mo lè bẹ̀ ẹ́.

Mo lọ sí Bàrígà lọ́sẹ̀ tó kọjá láti lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Àgbà. Mo bá ọ̀rá búrẹ́dì náà lára ògiri rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti tẹ́ ẹ, ó fi ìṣó kàn án. Ó ń fi han gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹja pé, "Ọmọ ọmọ mi ló yà mí, ọwọ́ mi rèé." Ó ní kí n jókòó, ó gbé oúnjẹ fún mi. Ó bi mí pé ìgbà wo ni wàá mú ojúlówó rẹ̀ wá fún òun. Bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọn ò dá wọn padà. Mo jẹun tán, mo dúpẹ́, mo dìde. Mi ò jẹ́wọ́ mọ́.

Ìwé mìíràn wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú lẹ́tà mi. Mo kọ ohun gbogbo tí mo ṣe sínú rẹ̀, ní kíkún, mo sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ mi. Tìẹ ni. Bí o bá fẹ́ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, bí o bá fẹ́ kà á fún pásítọ̀ wa, bí o bá fẹ́ kí màmá rẹ mọ̀ tàbí kí o fi í dáná, ohun tó bá wù ẹ́ ni kí o fi ṣe. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Mi ò sì ní kí o dárí jì mí. Mo ń fẹ́ ìdáríjì náà, ọmọ mi, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹnu láti bèèrè rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, òun ni kí o dì mú jù.

Ó lè di ọjọ́ kan, kí o tún ya nǹkan tó dáa. Inú rẹ lè ti rọ̀ sí mi nígbà náà. O lè sọ pé Bàbá ti kọ́gbọ́n, Bàbá ti darúgbó, kí n gbé e lọ fún un kó bá mi tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn. Bí mo bá pè ẹ́ pé kí o jẹ́ kí n kàn rí i, sọ pé rárá. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, tí mo sunkún, sọ pé rárá. Mi ò sọ ọ́ láti fi ara mi jìyà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn tí gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ti ṣẹlẹ̀, oníbàárà kan gbàgbé fláàṣì rẹ̀ sórí tábìlì mi. Kí n tó mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe, mo ti fi í sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti ṣí i. Mo ti ń wo àwòrán inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ń ro ẹni tó lè wúlò fún.

Bàbá rẹ.